Ẹni Tó Ń Gbọ́ Mi Nígbà Tí Mo Bá Sùn

Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń fi ìhanrun yín ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ èyí sí. Mo sì ń kọ ọ́ sí ẹni tó ń sùn nítòsí yín, torí ohun tí ẹ ò lè mọ̀ nípa ara yín, òun ló mọ̀ ọ́n. Aránṣọ ni mí ní ìlú Ẹdẹ, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ni mo sì máa ń rán jù. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, nítorí náà ẹ má retí èdè àwọn dókítà lọ́wọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi tán, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, torí mo wà láàyè, mo sì ń jí láàárọ̀ bí ẹni tó sùn lóòótọ́.

Kí n tó sọ ti ara mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi. Gbogbo agbo ilé wa ló mọ ìhanrun bàbá mi. Bí àlejò bá sùn lọ́dọ̀ wa, tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á béèrè pé ta ló ń la pákó mọ́jú. Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín, bàbá náà á rẹ́rìn-ín, wọn á ní oorun ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kan, a retí kí wọ́n jí, wọn ò jí. Àwọn èèyàn sọ pé ikú ìrọ̀rùn ni, pé wọ́n sùn lọ bí ọmọ ọwọ́. A gbà bẹ́ẹ̀, a sì dúpẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má rọrùn rárá.

Ìgbà ìjọba ológun ni tèmi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń tò fún ohun gbogbo. Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kẹrin mo sanra, ọrùn mi sì ki, àwọn èèyàn a máa yìn mí pé ayé gbà mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni orí fífọ́ láàárọ̀. N ó tètè sùn, n ó sì sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, síbẹ̀ ara mi á dà bí ti ẹni tó fi gbogbo òru ro oko. Ẹnu mi á gbẹ. N ó ti dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo bá wá jókòó báyìí lọ́sàn-án, kí n tó na ẹsẹ̀, oorun ti gbé mi. Inú sì máa ń bí mi láìnídìí. Oníbàárà kan ní kí n bá òun fi bọ́tìnnì kan kún aṣọ ọmọ òun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde.

Lọ́jọ́ kan a tò fún kẹrosíìnì ní ilé epo kan lọ́nà Òṣogbo. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà: oníkálukú á fi kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sórí ìlà, á dúró tì í, bí ìlà bá sún, á fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì síwájú. Mo fara ti ògiri díẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni pé, "Ìyá Ṣọlá, ẹ ti dèrò ẹ̀yìn o!" Gbogbo èèyàn ti ti kẹ́ẹ̀gì tiwọn kọjá, tèmi nìkan ló dúró sójú kan. Obìnrin kan tó ń ta gààrí ní, "Ẹ má jí wọn! Bóyá wọ́n ń rí kẹrosíìnì náà lójú àlá, kí wọ́n bu díẹ̀ wá fún wa." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Epo tán kó tó kàn mí, igi ni mo fi dáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó ń le sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní ibà ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Òmíràn ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò. Ẹ̀kẹta wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ó ń ru. Ìyẹn jóòótọ́, mo sì ń lo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bí mo ṣe ń sùn, àyàfi ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tọ́jú aláìsàn ní àdúgbò wa. Mo sọ fún un pé oorun mi kì í tó mi. Ó ní oorun náà kò wọra tó nìyẹn, ó sì kó oògùn oorun fún mi. Èèyàn dáadáa ni, ire mi ló ń wá. Ẹ ṣáà fi oògùn yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Àwọn ẹbí náà kò jókòó lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Tóyìn, wá láti Awo, ó gbé àgbo dání nínú ìgò mẹ́ta. Ó wò mí títí.

"Wọ́n ń tẹ̀ ọ́ lójú oorun ni," ó ní.

"Ta ni?"

"Ṣé wọ́n máa ń dárúkọ ni?"

Àgbo yẹn korò dé ẹsẹ̀. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ó ní kí a pe onígbàjámọ̀ kan wá, kó bá mi gé ẹran kékeré tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun. Mo ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fá orí kò ní wọ ọ̀fun mi láéláé. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní tiwọn ní kí n wá sí ìṣọ́ òru fún ọjọ́ méje. Èmi tí mò ń wá oorun kiri! Mo lọ. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo sùn láti ibẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ní ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ lè béèrè pé ọkọ mi ńkọ́, ṣé kì í gbọ́ ni? Olùkọ́ ni ọkọ mi, Ìwó ni wọ́n gbé e lọ. Owó ọkọ̀ ti wọ́n débi pé ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, bó bá sì wálé, yàrá tirẹ̀ ló ń sùn lódìkejì pálọ̀, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Àwọn ọmọ gbọ́. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́, torí a máa ń sùn díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ta ni á la ojú wo ìyá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀, kó ní, "Mà, ẹ máa ń hanrun, ẹ sì máa ń ṣe bí ẹni tó kú"? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Ọ̀wọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sin mí.

Ìyá ọkọ mi ni kò bù ú fún mi. A ń pè wọ́n ní Ìyá Sẹ̀kọ̀nà, torí oríta Sẹ̀kọ̀nà ni wọ́n ti ń ta epo pupa kí orúnkún wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà lèmi. Ìyẹn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí: mo máa ń se oúnjẹ sààrì fún wọn nígbà ààwẹ̀, àwọn náà á sì jẹ ìrẹsì Kérésì mi, wọn á ní iyọ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí orúnkún náà le, wọ́n wá bá wa gbé, mo sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn sínú yàrá mi. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe gbé oúnjẹ sààrì síwájú wọn, wọn ò jẹun. Tẹ̀sùbáà wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò mí ṣáá.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Ṣé o mọ̀ pé o máa ń dákẹ́?"

"Ṣé mò ń sọ̀rọ̀ lójú oorun ni, Ìyá?"

"O ò sọ̀rọ̀. Ò ń hanrun. Ìyẹn ò dùn mí, bàbá ọkọ rẹ náà hanrun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tìrẹ máa ń gé. Pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Èmi á wá máa retí rẹ̀. Mo ti ń fi tẹ̀sùbáà kà á. N ó ka ogún, n ó kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wàá fa èémí, háàà! Bí ẹni tí wọ́n yọ lódò."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mi ò gbọ́ ìkìlọ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá ń hanrun, wọ́n á bá a rẹ́rìn-ín. Bí obìnrin bá ń hanrun, òun ni wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ bẹ Ìyá pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ọmọ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo kó bẹ́ẹ̀dì wọn lọ sí pálọ̀. Mo ní yàrá mi ń mú ooru jù fún àgbà tó ń gba ààwẹ̀.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ooru ló ń mú mi ni, àbí ìtìjú ló ń mú ìwọ?" Wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n tẹ̀lé bẹ́ẹ̀dì wọn lọ sí pálọ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń gbọ́ mi, tó sì lè sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lé e jáde.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Mò ń rán yẹ̀rì àwọn ọmọ ilé ìwé kan, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, oorun gbé mi lórí ẹ̀rọ. Ojú mi sùn, ẹsẹ̀ mi ò sùn. Ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ, abẹ́rẹ́ sì gba èékánná ìka mi wọlé. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n dì í. Lálẹ́ ọjọ́ náà ìka náà ń ta mí gan-an, mo wá rántí oògùn oorun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kó fún mi. Ẹyọ kan ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Méjì ni mo lò lọ́jọ́ náà, kí n má bàa mọ ìrora.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìyá ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n dìde fún sààrì, wọn ò rí mi ní ilé ìdáná. Wọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n gbọ́ pé mò ń hanrun, wọ́n ní kí àwọn jẹ́ kí n sùn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ padà ni mo dákẹ́. Wọ́n dúró. Ìka wọn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ, Subuhánalláhì kan fún ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ó pé ogún. Ó pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, níbi tí àmì wà lára tẹ̀sùbáà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, mi ò mí. Wọ́n gbàgbé orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n sáré gbé bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n sì da gbogbo omi rẹ̀ lé mi lójú.

Mo jí. Mò ń fa èémí bí ẹni tó sáré láti ìlú Ara dé Ẹdẹ, omi ń ṣàn wọ etí mi. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bútà wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń sunkún. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún rí, àní nígbà tí wọ́n sin ọkọ wọn.

"Ìtìjú rẹ parí lónìí," wọ́n ní. "Mi ò ní ka ìlẹ̀kẹ̀ sin ìyàwó ọmọ mi."

Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò jẹ sààrì. Wọ́n fi ebi gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà nítorí mi. Èmi ní tèmi, bàbá mi ni mò ń rò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù bẹ́ẹ̀dì mi bí ẹni ń bẹ̀rù kànga. Ìyá kó gbogbo oògùn oorun náà dà sí ṣáláńgá, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọn padà wá sí yàrá mi, wọ́n sì fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá ti dákẹ́ pẹ́, wọn á na ọ̀pá wá, wọn á fi gún mi nígbáròkó. Láàárọ̀, egbò á wà ní ìgbáròkó mi, ṣùgbọ́n mo wà láàyè.

Ọkọ mi gbọ́, ó sì ní ilé ìwòsàn ńlá ni kí a lọ, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ. Ní àkọ́kọ́, àwọn dókítà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ti padà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé kò kàn wá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta a dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ, èmi àti Ìyá, torí ọkọ mi ò rí ọkọ̀ wọ̀ láti Ìwó. Mo ti ta aṣọ léèsì mi kan láti fi ra káàdì, ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, torí nígbà yẹn aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, mo sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mo jí, mo rí i pé gbogbo èrò ń wò mí.

Ọkùnrin kan ní, "Ta ló gbé ẹ̀rọ ìlọta wá sí ọsibítù?"

Ìyá dá a lóhùn pé, "Ìyàwó mi ni. Ohun tí a bá wá nìyẹn. Bí tìrẹ náà bá kàn, wàá fi hàn wá."

Kí a tó wọlé, mo di ọwọ́ Ìyá mú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbọ́. Mi ò ní la ẹnu mi."

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́yìn. Ó ka ìwé tí mo kó wá: ibà, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó béèrè pé, "Ṣé ẹ ń sùn dáadáa, Mà?"

Ẹnu mi ló tètè dáhùn kí ọkàn mi tó débẹ̀. Mo ní, "Mo ń sùn dáadáa, sà. Àní mo ń sùn jù." Ó sì ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

"Irọ́ ni," Ìyá ní.

"Ìyá!"

"Irọ́ ni, dókítà, ọmọ mi. Kì í sùn. Kíkú ló ń kú, tó tún ń jí."

Dókítà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ fún mi, Màmá. Kí lẹ máa ń gbọ́?"

Ìyá kò sọ ọ́. Wọ́n gbé báàgì wọn fún mi, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n di ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gun òkè, ó ń ya bí aṣọ tẹ́ru tí a fi ọwọ́ fà ya. Nọ́ọ̀sì kan yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wà níta ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, Ìyá dákẹ́. Ìka wọn ń ti ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó mì lára wọn. Ẹ̀rín níta dákẹ́. Ó pẹ́ débi pé nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ lé àyà. Ìgbà náà ni wọ́n wá fa èémí, háààà! Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ oorun ara mi rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn yẹn. Bàbá mi ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́, títí kan ìdákẹ́ yẹn. Àwa ọmọ máa ń fi ìdákẹ́ yẹn ta tẹ́tẹ́ ẹ̀pà, ta ni á mọ ìgbà tí wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ló máa ń tó, Màmá?" dókítà béèrè.

"Ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó lo oògùn oorun, mo ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tán, mo tún bẹ̀rẹ̀."

Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi báyìí, bí ẹ ṣe ń kà á lójoojúmọ́. Ẹ má yára." Ìyá kà á, dókítà ń wo aago. Nígbà tí ó pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó mi orí. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ àìsàn yìí wà lókè òkun, pé wọn ò ní in níbí, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́ èyí tó tó òun. Ó tan iná wo ọ̀fun mi. Ó ní òun fẹ́ wọn ọrùn mi, nọ́ọ̀sì wá téèpù títí, kò rí i. Mo yọ tèmi nínú báàgì, mo sì sọ ìwọ̀n ọrùn mi fún un kó tó fi téèpù kàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ó ní bí mo bá sùn, ẹran ọ̀fun mi máa ń dẹ̀, á sì dí ọ̀nà èémí, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ọ̀pá rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Ara á máa jà láti mí. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ọpọlọ á ta mí jí, n ó mí, n ó tún sùn, mi ò sì ní mọ̀ pé mo jí. Léraléra ló ń ṣẹlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ mí, tí orí ń fọ́ mi, tí ẹ̀jẹ̀ mi kò sì lọ sílẹ̀. Oògùn oorun yẹn kò jẹ́ kí ọpọlọ lè ta mí jí mọ́. Ó ní kì í ṣe Ẹdẹ nìkan, kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́ lókè òkun, tí ẹ̀rọ wà, àwọn èèyàn ń gbé e kiri láìmọ̀, torí ẹni tó ń ṣe ń sùn, dókítà kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò sùn.

Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń lò.

"Iná wo?" Ìyá ní. "Iná tó ń wá bí àlejò yìí?" Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jígí ojú rẹ̀.

Nítorí náà, ó fún wa ní ohun tí agbára wa ká. Kí n má fẹnu kan oògùn oorun mọ́. Kí n dín oúnjẹ alẹ́ kù, kí n sì máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí ọrùn mi lè tín-ín-rín. Kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láìfò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí n má fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni kí n máa fi sùn. Ó ní kí n rán àpò sí ẹ̀yìn aṣọ tí mo fi ń sùn, kí n fi nǹkan líle róbótó síbẹ̀, tí mo bá yí padà, á gún mi, n ó sì padà sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí èyí kò bá tó, a ó ro ti iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ mi ló dé yìí! Mi ò tíì fi ayọ̀ rán aṣọ kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rán àpò náà sáàárín ẹ̀yìn, mo fi bọ́tìnnì pa á dé. Ọsàn dúdú ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀yìn mi tutù, omi ọsàn ti dé orí ìrọ̀rí, èèrà sì ti gbọ́ ìròyìn. Ìyá ní, "Dókítà ní kí o sùn, kò ní kí o fún ọsàn." Ọkọ mi ló wá mú bọ́ọ̀lù tẹníìsì àlòkù kan bọ̀ láti ilé ìwé wọn. Bọ́ọ̀lù yẹn ni mo ń lò dòní, mo ti pààrọ̀ aṣọ tó wà nídìí rẹ̀ nígbà púpọ̀.

Ìyá Tóyìn wá bi mí pé kí ni wọ́n sọ.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ mí. Ọ̀fun mi ló ń tẹ̀ mí."

"Ọ̀fun ìwọ fúnra rẹ?"

"Ọ̀fun èmi fúnra mi."

"Èmi ti bínú sí ìyá kan ní àdúgbò yín lásán nìyẹn," ó ní. Ọjọ́ kejì ló gbé iṣu lọ fún ìyá náà, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a padà lọ. Dókítà kí mi, ṣùgbọ́n Ìyá ló kọjú sí. "Màmá, ìlẹ̀kẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta," Ìyá ní. "Nígbà míì márùn-ún. Lánàá, mi ò mọ̀, oorun gbé èmi náà lọ." Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n má jáfara, torí àìsàn náà lè padà bí mo bá tún sanra, àti pé ohun tó tó fún mi lè má tó fún ẹlòmíràn, pé àwọn kan ò lè ṣe láìsí ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ abẹ. Mo fi ìyẹn sí ọkàn. Nítorí náà, ẹ má kàn lọ rán àpò bọ́ọ̀lù kí ẹ sì jókòó sílé. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà.

Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ má dá lọ. Ẹ mú ẹni tó ń gbọ́ yín nígbà tí ẹ bá sùn dání, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ, ì báà jẹ́ ayálégbé tí ògiri yàrá yín kan tirẹ̀. Ẹ gbà á láyè kó sọ ọ́, kó sì ṣe é bí ó bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín, ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú aláìsàn, bí ẹnì kan bá ní ó rẹ òun ṣáá, ẹ má tíì kó oògùn oorun fún un. Ẹ béèrè pé ta ló ń sùn nítòsí rẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pe onítọ̀hún. Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ká ní ẹnì kan bi wá ní ìgbà ayé bàbá mi, ọmọ kékeré ni mí, mo mọ ìdáhùn.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Mo ti rù, àwọn kan ní ṣé kò sí nǹkan, mo ní ó wà, ìlera ni. Mò ń rán aṣọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, oorun ò sì gbé mi lórí ẹ̀rọ mọ́. Orí kì í fọ́ mi láàárọ̀. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí lálẹ́ bí mo bá ń de bọ́tìnnì àpò ẹ̀yìn mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n ti dàgbà sí i, àwọn ló sì ń hanrun nísinsìnyí, ìhanrun tínrín, bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò. Bí wọ́n bá ti sùn, tẹ̀sùbáà á bọ́ sórí ìrọ̀rí, n ó rọra nawọ́ mú un. Mi ò mọ àdúà wọn, mo ń fi èémí wọn kà á: ẹyọ kan fún mímí kan. Mi ò tíì rí ibi tó ti gé. Mo sábà máa ń dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, nígbà míì mo máa ń kọjá rẹ̀, lẹ́yìn náà mi ò ní mọ iye tí mo kà mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n ti máa ń bá tẹ̀sùbáà wọn.